Wọ́n Sanwó, Wọn Ò Jẹ́wọ́: Bí Ẹjọ́ Ìpalára Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ṣe Ń Parí ní Amẹ́ríkà

Àwòrán ìwé kóòtù kan máa ń lọ káàkiri orí ẹ̀rọ ayélujára: orúkọ ẹnì kan, orúkọ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, iye owó ní dọ́là, àti ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ sí i lórí pé "Ìjọba Amẹ́ríkà ti gbà o!" Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìwé ọ̀hún yóò bá gbólóhùn kan pàdé láàárín rẹ̀, pé olùjẹ́jọ́ kò gbà pé abẹ́rẹ́ náà ló fa àìsàn tí wọ́n ń wí, kò sì gbà pé ó fa ìpalára mìíràn kankan. Ẹ̀yìn gbólóhùn yẹn gan-an ni iye owó ti wá tẹ̀ lé e. Àṣìkọ kọ́. Bí wọ́n ṣe ń parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, àwọn méjèèjì tó buwọ́ lù ú sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

HRSA, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò tí Amẹ́ríkà fi ń san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá pa lára, ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 gbogbo owó gbà-má-bínú tí wọ́n ń san ló ti ọwọ́ àdéhùn wá, láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ ìlera yẹ ẹ̀rí wò tí ó sì sọ pé abẹ́rẹ́ ló jẹ̀bi. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ ohun tí àdéhùn yìí jẹ́ kò lè mọ ohun tí owó náà ń sọ.

Ta ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹjọ́ lórí abẹ́rẹ́ DTP tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọdé pọ̀ débi pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nídìí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ń ba ìjọba pé abẹ́rẹ́ á wọ́n, bóyá kò tilẹ̀ ní sí lọ́jà mọ́. Òfin tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi dá sí ọ̀rọ̀ náà ni Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lù ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1986. Ètò tó ti inú rẹ̀ jáde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1988. National Vaccine Injury Compensation Program ni wọ́n sọ ọ́. VICP ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Lábẹ́ ètò yìí, ilé iṣẹ́ tó ṣe abẹ́rẹ́ kọ́ lèèyàn ń pè lẹ́jọ́, nọ́ọ̀sì tó gún un náà kọ́. Mínísítà ètò ìlera Amẹ́ríkà ni olùjẹ́jọ́ nínú gbogbo ẹjọ́ náà pátá, àwọn agbẹjọ́rò Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ló sì ń gbẹnu sọ fún un. Washington ni kóòtù wà, ìyẹn Court of Federal Claims, níbi tí àwọn adájọ́ àkànṣe tí wọ́n ń pè ní special master ti ń gbọ́ ẹjọ́. Mẹ́jọ péré ni òfin gbà láyè fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, nítorí pé òun ló ń ti ọ̀pọ̀ ẹjọ́ sọ́nà àdéhùn.

Owó tí wọ́n ń san wá láti inú àpò kan tí owó orí sẹ́ǹtì 75 ń wọ̀ lórí àrùn kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ kan bá ń dènà. Abẹ́rẹ́ flu ń mú sẹ́ǹtì 75 wọlé. MMR, tó ń dènà àrùn mẹ́ta, ń mú dọ́là 2.25 wọlé. Láti ọdún 1988, owó tó ti jáde nínú àpò náà lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là. Èyí lè dún bí ohun ńlá létí, àmọ́ HRSA tún ṣírò rẹ̀ pé nínú mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ tí wọ́n pín, ẹnì kan péré tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń gbowó.

Ẹni tó pẹjọ́ kò ní láti fi hàn pé ẹnikẹ́ni ṣàìbìkítà. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé ṣé abẹ́rẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n òfin kò tún gbà kéèyàn fo ètò yìí lọ pe ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lẹ́jọ́ tààrà. Kódà, ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá tí ìdájọ́ rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn, ọ̀nà tó kù fún un tín-ín-rín: nínú ẹjọ́ Bruesewitz v. Wyeth ní ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìbò 6 sí 2 sọ pé kò sẹ́ni tó lè pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́ lórí pé bí wọ́n ṣe gbé abẹ́rẹ́ náà kalẹ̀ láti ìpilẹ̀ ló lábùkù. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Níbí yìí, inú kóòtù gan-an ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n á ṣe gba fún ara wọn, nítorí kò síbòmíràn tí wọ́n lè gbà.

Kí ẹjọ́ tó dé ibi àdéhùn

Ọdún mẹ́ta ni àyè tó wà láti pẹjọ́, ọjọ́ tí àmì àìsàn kọ́kọ́ yọjú ni wọ́n sì ti ń kà á. Ọjọ́ tí dókítà fún un lórúkọ kọ́, ọjọ́ tí aláìsàn wá fura sí abẹ́rẹ́ náà kọ́. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Cloer ní ọdún 2011, ó sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Bó bá jẹ́ ikú ló já sí, ọdún méjì ni láti ọjọ́ ikú, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ sí ọjọ́ tí àmì àkọ́kọ́ yọ.

Ìpalára náà tún gbọ́dọ̀ pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tí ìpalára rẹ̀ kò tó oṣù mẹ́fà lè wọlé bó bá jẹ́ pé wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un, irú èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìfun ọmọ bá wọnú ara rẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ rotavirus, tó ń dènà ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Iye tí kóòtù ń gbà fún ìwé ìpẹ̀jọ́ jẹ́ 405 dọ́là.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Àtẹ Ìpalára. Ìjọba ní àtẹ kan tó to abẹ́rẹ́, ìpalára àti àkókò síra wọn. Bí ara bá kọ abẹ́rẹ́ kan lójijì tí mímí sì di ìṣòro láàárín wákàtí mẹ́rin, ó wà nínú àtẹ. Bí àrùn iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 42 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ flu, ó wà nínú àtẹ. Bí ìrora èjìká bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48, ó wà nínú àtẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bá àtẹ mu, òfin ti gbà fún un pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Ìjọba ló kù tí yóò wá fi hàn pé nǹkan mìíràn ni.

Ẹni tí kò bá wà nínú àtẹ yóò gba ọ̀nà tí ẹjọ́ Althen là sílẹ̀ ní ọdún 2005. Nǹkan mẹ́ta ni yóò mú wá: àlàyé ìṣègùn tó mọ́gbọ́n dání lórí bí abẹ́rẹ́ ṣe lè fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀; ẹ̀rí pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ lára tirẹ̀ gan-an nìyẹn; àti pé àkókò tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti àìsàn bá àlàyé náà mu. Kò pọn dandan kó dájú bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe máa ń fẹ́ kó dájú. Bí òṣùwọ̀n bá ti tẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ju apá kejì lọ, ó tó. Àmọ́ díẹ̀ yẹn ló le: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tirẹ̀ wá, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á máa já ara wọn níyàn, adájọ́ àkànṣe á sì yan èyí tó dá a lójú jù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó lè gbà jáde. Ìkíní, kí ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé ẹ̀tọ́ wà fún ẹni náà. Adájọ́ á kọ ìwé pé ó lẹ́tọ̀ọ́, lẹ́yìn náà ni ìjọba á fi ìwé kan ránṣẹ́ tó sọ iye tí òun máa san. Ìkejì, kí wọ́n bá ara wọn jà dé òpin kí adájọ́ sì dá ẹni tó pẹjọ́ láre. Ìkẹta ni àdéhùn, tí kò ti sí ẹni tó dáre tàbí ẹni tó dẹ́bi. Lórí ìwé tó ń lọ káàkiri, ọ̀rọ̀ kan ló yẹ kójú kọ́kọ́ wá: bí wọ́n bá kọ "stipulation", ìyẹn àdéhùn, síbẹ̀ tí gbólóhùn àìjẹ́wọ́ sì wà ní ìsàlẹ̀, ìkẹta nìyẹn. "Ruling on Entitlement", ìyẹn ìwé tí adájọ́ kọ pé ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́, yàtọ̀ pátápátá. Mo ti rí ìwé ìkẹta tí wọ́n kà bí ìkíní lọ́pọ̀ ìgbà. Mo sì ti rí àwọn tó ń gbèjà abẹ́rẹ́ tí wọ́n ka ìwé ìkíní bí ẹni pé ìkẹta ni. Méjèèjì burú bákan náà.

Bí wọ́n ṣe ń ná an

Kí ló dé tí ìjọba á sanwó lórí ohun tó sọ pé kò ṣẹlẹ̀? Nítorí pé ìgbẹ́jọ́ náà ní iye tó ń ná ìjọba. Owó akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún ìdúró wà níbẹ̀, ewu pé adájọ́ lè dá a lẹ́bi náà wà níbẹ̀. Ẹni tó pẹjọ́ náà ní ewu tirẹ̀: ó lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Ewu yìí ni wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà láàárín ara wọn.

Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹjọ́ èjìká kan, bí wọ́n bá dá a láre pátápátá, máa tó 90,000 dọ́là. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn rẹ̀ ní àlàfo kan tó lè mú kó pàdánù, agbẹjọ́rò méjèèjì sì rò pé ó jẹ́ ìdajì sí ìdajì. Iye tó bọ́gbọ́n mu kò ní jìnnà sí 45,000. Ẹni tó pẹjọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti 85,000, kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti 25,000, kí wọ́n sì pàdé níbì kan láàárín 40,000 sí 55,000. Ọ̀rọ̀ pé "ṣé òótọ́ ni abẹ́rẹ́ fà á" kò wọnú ìṣirò yìí. "Báwo ni adájọ́ ṣe máa rí i" ló wà níbẹ̀.

Ẹjọ́ èjìká ló pọ̀ jù lọ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. SIRVA ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ sókè jù lápá, ó lè bọ́ sínú ẹran oríkèé èjìká dípò iṣan, kí ibẹ̀ wú, kí apá má lè gbéra. Ọdún 2017 ni wọ́n fi í kún àtẹ, pa pọ̀ mọ́ Guillain-Barré ti abẹ́rẹ́ flu. Nítorí pé irú ẹjọ́ yìí jọ ara wọn, ẹ̀ka àkànṣe kan ti wà lọ́fíìsì adájọ́ láti ọdún 2014, Special Processing Unit, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó àwọn ẹjọ́ tó ṣeé parí kíákíá sọ́nà kan.

Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á yẹ ìwé wò bóyá ó pé. Ìwé abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà: ọjọ́ tí wọ́n gún un, irú rẹ̀, apá tí wọ́n gún un sí. Àkọsílẹ̀ gbogbo ilé ìwòsàn, láti ọdún mẹ́ta ṣáájú abẹ́rẹ́ títí di òní, gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú ìwé ìbúra tí ẹni náà fúnra rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn dókítà HRSA á kà á. Agbẹjọ́rò ìjọba á wá sọ ibi tí ìjọba dúró sí: wọ́n gbà, tàbí wọ́n á jà, tàbí wọ́n ṣetán láti gbọ́ iye tí ẹ ń béèrè.

Bó bá jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn, agbẹjọ́rò ẹni tó pẹjọ́ á kọ lẹ́tà ìbéèrè owó. Lẹ́tà tó dáa kì í gùn. Ó máa ń sọ iye kan, á sì kó ẹ̀rí tì í: rìsíìtì ohun tí ẹni náà fi owó ara rẹ̀ san, ìwé owó oṣù tàbí ìwé owó orí bó bá pàdánù iṣẹ́, iye ìgbà tó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn físíò, àbájáde MRI tí wọ́n fi ya àwòrán inú èjìká, bóyá wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, àti ìdájọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jọ tirẹ̀ tí kóòtù ti gbé jáde. Ìjọba á fèsì pẹ̀lú iye tirẹ̀, wọ́n á sì máa ná an lọ ná an bọ̀.

Àwọn ààlà kan wà tí òfin fi lé e lórí. Owó ìrora àti ìyà kò gbọ́dọ̀ kọjá 250,000 dọ́là, bó ti wù kí ìpalára náà le tó. Iye yẹn kò yí padà láti ọdún 1986. Bí wọ́n bá ti ń gbé e lọ pẹ̀lú ọ̀wọ́n ọjà ni, ì bá ti lé ní 700,000 lónìí. Ní tèmi, kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú òfin náà tó èyí. Owó ikú náà jẹ́ 250,000. Owó ìtọ́jú, ti àtẹ̀yìnwá àti ti ọjọ́ iwájú, kò ní ààlà, bẹ́ẹ̀ ni owó iṣẹ́ tí èèyàn pàdánù, ṣùgbọ́n ohun tí adójútòfò tàbí ètò ìjọba mìíràn bá ti san tàbí tó yẹ kó san kì í wọ̀ ọ́. Kò sí owó ìjìyà tí wọ́n fi ń kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n. Nínú ẹjọ́ èjìká tí kò dé ibi iṣẹ́ abẹ, owó ìrora kì í sábà tó 100,000; àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló sábà máa ń kọjá ibẹ̀.

Níbo ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́? Nínú àkọsílẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnì kan gba abẹ́rẹ́ ní oṣù Kẹwàá, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lọ́jọ́ kejì, ó ní ìrora náà á lọ fúnra rẹ̀, ó wá di oṣù Kejì kó tó lọ bá dókítà. Dókítà kọ sílẹ̀ pé "ìrora èjìká, bí oṣù méjì sẹ́yìn". Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ti gbé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú wákàtí 48. Ìwé ìbúra tó bá kọ lọ́dún méjì lẹ́yìn náà kò ní wúwo tó ọ̀rọ̀ tí dókítà kọ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn adájọ́ àkànṣe máa ń gba àkọsílẹ̀ ìgbà náà gbọ́ ju ohun tí èèyàn wá rántí nígbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín oṣù yẹn kan náà, kò sì mẹ́nu ba èjìká lẹ́ẹ̀kan. Ìjọba á ní, bó bá dùn ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o kò sọ?

Apá òsì àti apá ọ̀tún náà ń da ẹjọ́ rú. Àwọn ilé oògùn kan kì í kọ apá tí wọ́n gún, kọ̀ǹpútà wọn ló máa ń kọ "òsì" fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní ìrora apá ọ̀tún wá di ẹni tí ìwé ń ta kò. Ohun tó sábà máa ń yanjú èyí ni àkọsílẹ̀ dókítà àkọ́kọ́ tó rí apá náà, bí kò bá pẹ́ jù. Ìṣòro mìíràn ni èjìká tó ti dùn tẹ́lẹ̀: àtẹ sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí ìtàn ìrora tàbí ìdíwọ́ níbẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ tó lè ṣàlàyé èyí tó wà lórí ilẹ̀, ìrora kò sì gbọ́dọ̀ kọjá èjìká náà. Bó bá ń rìn láti ọrùn dé ìka, ìjọba á sọ pé egungun ọrùn ló ń dùn. Èyí tó tún ń pa ẹjọ́ ni oṣù mẹ́fà: ẹni tó parí físíò ní oṣù kẹrin tí wọ́n sì kọ "ara ti yá" sínú ìwé rẹ̀, tí kò padà lọ mọ́, yóò ṣòro fún un láti fi hàn pé ìrora náà kọjá oṣù mẹ́fà.

Àwọn àbùkù wọ̀nyí kì í fi dandan lé ẹjọ́ dànù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé e kúrò níbi "ìjọba gbà" wá síbi "ẹ jẹ́ ká sọ iye". Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àdéhùn ti ń wá.

Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù

Nígbà tí agbẹjọ́rò méjèèjì bá fẹnu kò lórí iye kan, kò tíì parí. Agbẹjọ́rò ìjọba kò láṣẹ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ àti àwọn aṣojú mínísítà ìlera gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ 15 ni kóòtù sábà máa ń fún wọn láti ṣe é. Láàárín àkókò yẹn, ẹni tó pẹjọ́ kò rí nǹkan kan gbọ́, ó sì máa ń rò pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́. Ìwé ń lọ láti tábìlì dé tábìlì ni.

Ìwé àdéhùn náà kì í sábà ju ojú ìwé márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Lára ohun tó wà níbẹ̀: ẹni tó pẹjọ́ sọ pé abẹ́rẹ́ ló fà á, ìjọba sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì gbà láti parí ẹjọ́, iye owó jẹ́ báyìí, ẹni náà kò ní gba owó mìíràn lórí ìpalára kan náà, ó sì yọ̀ǹda ìjọba Amẹ́ríkà kúrò nínú gbogbo ẹ̀sùn tó lè jẹ yọ látinú abẹ́rẹ́ ọjọ́ náà. Ìlà yìí yẹ kéèyàn kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí àìsàn mìíràn bá yọjú lẹ́yìn náà tí ó sì rò pé abẹ́rẹ́ kan náà ló fà á, ilẹ̀kùn ti tì.

Gbólóhùn méjì mìíràn wà tí èèyàn kì í sábà fojú sí. Ìkíní ni pé bí ẹni tó pẹjọ́ bá kú kí ìdájọ́ tó jáde, ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè fagi lé àdéhùn náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó gbà kí ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ìkejì ni pé bí adájọ́ àkànṣe kò bá gba àdéhùn náà wọlé gẹ́gẹ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè yẹ̀ ẹ́.

Bí Medicaid, ètò ìtọ́jú tí ìjọba ṣe fún àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn, bá ti san owó ìtọ́jú kankan, ìpínlẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti gba tirẹ̀ padà, owó tirẹ̀ sì máa ń jáde lọ́tọ̀ lórúkọ ìpínlẹ̀. Bí ẹni tó farapa bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè darí owó, kóòtù ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan alágbàtọ́ tó máa gba owó náà. Ó máa ń gba oṣù púpọ̀, èyí ló sì fà á tí agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò lórí iye. Bó bá jẹ́ ikú, aṣojú tí kóòtù yàn fún ogún olóògbé ni yóò gbà á. Fún ìpalára tó máa gba ìtọ́jú títí ayé, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan á ṣètò gbogbo ohun tí ẹni náà máa nílò lọ́dọọdún, láti kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé nọ́ọ̀sì ilé, wọ́n á sì fi apá kan owó náà ra owó ọdọọdún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò, kó má baà tán lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti gbé ìpinnu jáde tó bá àdéhùn mu, ọjọ́ 30 ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ lórí àdéhùn, nítorí náà àwọn méjèèjì á jọ kọ ìwé pé àwọn kò ní ṣe é, ìdájọ́ á sì jáde kíákíá. Ẹni tó pẹjọ́ á wá kọ ìwé pé òun gba ìdájọ́ náà. Ọjọ́ 90 ló ní láti kọ ọ́. Bí kò bá kọ ọ́, òfin á kà á sí pé ó ti gbà, ṣùgbọ́n owó á dúró de ọjọ́ yẹn. Mo máa ń rí àwọn tó ń ráhùn pé owó pẹ́, tí ìwé yìí sì wà nínú àpò agbẹjọ́rò wọn.

Owó agbẹjọ́rò yàtọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ti inú owó ẹni tó pẹjọ́ jáde, bó ti wù kó kéré mọ. Láàárín ọjọ́ 180 lẹ́yìn ìdájọ́, agbẹjọ́rò á kọ ìwé sí kóòtù pé wákàtí báyìí ni òun ṣe, àpò kan náà á sì san án, kódà bí wọ́n bá pàdánù ẹjọ́, bó bá ti jẹ́ pé ẹjọ́ náà ní ìpìlẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu tí wọ́n sì pè é pẹ̀lú ọkàn rere. Agbẹjọ́rò tó bá ní kí aláìsàn mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ wá fún òun ti rú òfin.

Ìpinnu náà á jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ọjọ́ 14 ni ẹni tó pẹjọ́ ní láti béèrè pé kí wọ́n yọ ohun ìkọ̀kọ̀ ìlera rẹ̀ kúrò, irú bí orúkọ rẹ̀ kó ku lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan. Àdéhùn yìí kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀ bí àwọn àdéhùn ilé iṣẹ́ aládàáni ṣe máa ń rí, ìdí nìyí tí àwòrán rẹ̀ fi ń rí ẹsẹ̀ rìn.

Ohun tó ń yí padà báyìí

Láti oṣù Kejì ọdún 2025, Robert F. Kennedy Jr. ni mínísítà ìlera, nítorí náà ipò rẹ̀ ló wà lórí gbogbo ẹjọ́ tuntun gẹ́gẹ́ bí olùjẹ́jọ́. Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ko abẹ́rẹ́ ni, ó sì wá di ẹni tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń gbèjà pé abẹ́rẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ó kéde pé òun máa tún ètò VICP ṣe. Ọwọ́ mínísítà wà nínú Àtẹ Ìpalára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè yí i padà lóru ọjọ́ kan: ìgbìmọ̀ olùgbani-nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 90 láti yẹ ìyípadà náà wò, aráàlú sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 180 láti sọ tẹnu wọn. Láti fi abẹ́rẹ́ tuntun kún ètò náà, CDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí dídènà àrùn, gbọ́dọ̀ ti dámọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn ọmọdé tàbí aláboyún, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sì gbọ́dọ̀ bu owó orí lé e. Èyí ló fà á tí abẹ́rẹ́ àrùn shingles, tó jẹ́ ti àgbàlagbà, kò fi sí níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ COVID-19 náà kò sí níbẹ̀. Ètò mìíràn, CICP, ló ń bójú tó tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ bí ojú ṣe yàtọ̀ sí imú. Ọdún kan péré ni àyè ìpẹ̀jọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n gún un. Kò sí kóòtù, kò sí owó agbẹjọ́rò, kò sí owó ìrora. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń ka ìwé tí ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí wọ́n lè bá dúnàá-dúrà. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tó ti wọlé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí owó gbà. Àwọn tó ń bínú sí VICP pé ó ń falẹ̀ kì í sábà mọ bó ṣe rí lódì kejì.

Bí wọ́n bá fi ìpalára tuntun kan kún Àtẹ, òfin ti ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún àwọn tí àkókò ti kọjá lórí wọn. Ẹni tí irú ìpalára yẹn ṣẹlẹ̀ sí láàárín ọdún mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ tí ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún méjì láti ọjọ́ náà láti pẹjọ́, bí ọdún mẹ́ta rẹ̀ tilẹ̀ ti pé. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ yóò nílò àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àti ti ilé ìwòsàn láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í sì í fi àkọsílẹ̀ àgbàlagbà pamọ́ títí láé. Oṣù yìí ló dáa láti béèrè fún ẹ̀dà tirẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí Àtẹ bá yí padà.